Ìran tí kò mọ Ọlọ́pẹ: Ẹgbẹ́ Òṣèlú tí ó Pẹ́ lórí Àlééfà àti Àwọn Ọ̀dọ́ Olùdìbò ní Ìbàdàn Titun

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn olùdìbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yan gómìnà titun. Ṣèyí Mákindé ti ẹgbẹ́ PDP ní ìbò 515,621, nígbà tí Adébáyọ̀ Adélabú ti ẹgbẹ́ APC, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà, ní 357,982. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì jẹ́ 157,639. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú èyí ni Abíọ́lá Ajímọ̀bí, gómìnà tí sáà rẹ̀ ń parí lọ, ti pàdánù àga sẹ́nétọ̀ tí ó ń dù ní ẹkùn Gúúsù Ọ̀yọ́. Ajímọ̀bí yìí kan náà ni gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò yàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Kòṣeélérí. Lẹ́yìn ìdìbò náà, àlàyé tí ó rọrùn jù láti ṣe ni pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Onígbàálẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọpinpin ni bí àlàyé náà ti jẹ́ òótọ́ tó, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe àìṣiṣẹ́ nìkan ni ó ń mú kí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó pẹ́ lórí oyè bọ́ lójú àwọn ọ̀dọ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa fi ohun tí àwọn òbí rántí tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a sì máa gba ọ̀nà tí ó bá àwọn òbí lára mu wá wọn lọ. Àwọn ọmọ kò rántí ohun náà, wọn kò sì sí ní ojú ọ̀nà náà.

Pípẹ́ lórí àlééfà gba àlàyé díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. APC kò lò ju ọdún mẹ́jọ lọ níbẹ̀, láti 2011 sí 2019, ACN ni ó sì ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. PDP pẹ̀lú ti lo ọdún mẹ́jọ ṣáájú rẹ̀, láti 2003 sí 2011. Ṣùgbọ́n APC ilẹ̀ Yorùbá kì í ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti 2011. Ìran ni ó máa ń kà: Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, UPN ti 1979, AD tí ó gbé Lam Adéṣínà wọlé ní 1999, lẹ́yìn náà AC àti ACN. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ka ìran rẹ̀ báyìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àgbà ni òun, ó sì ti gbà kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi àgbà.

Ohun tí iye ìbò lè sọ

Kò sí ìwé èsì ìdìbò kankan ní Nàìjíríà tí ó sọ ọjọ́ orí ẹni tí ó tẹ̀ka. Ohun tí Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, mọ̀ ni ọjọ́ orí àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀. Ní 2019, orúkọ 84,004,084 ni ó wà nínú ìwé náà jákèjádò orílẹ̀-èdè, ìdá 51.11 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ ẹni ọdún 18 sí 35, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan sì jẹ́ ìdá 26.57. Èyí fi hàn pé agbára wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò fi hàn pé wọ́n lò ó, tàbí ibi tí wọ́n lò ó sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bí àwọn ọ̀dọ́ Àgbowó ti dìbò ní láti gba ẹ̀yìn yọ sí ọ̀rọ̀ náà.

Ìbò gómìnà fúnra rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ní 2015, ìbò 327,310 ni Ajímọ̀bí fi wọlé. Ní 2019, APC ní 357,982. Ìbò ẹgbẹ́ náà kò dín kù rárá. Ó fi 30,672 lé sí i. Ohun tí ó yí padà ni àwọn alátakò. Ní 2015, Ràṣídì Ládọjà ti Accord nìkan gba 254,520, àwọn mìíràn sì pín èyí tí ó kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Mákindé fúnra rẹ̀, tí ó wà nínú SDP nígbà náà, sì wà lára wọn. Ní 2019, díẹ̀ lára àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké so ọwọ́ pọ̀ mọ́ Mákindé nígbà tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbò gómìnà nìkan ni ẹni tí ń ṣe ìwádìí ní lọ́wọ́, ohun tí yóò sọ ni pé ìṣọ̀kan àwọn alátakò ni ó borí, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre.

Ìbò ààrẹ ni ó tú àṣírí. Ní 2015, Muhammadu Buhari ti APC gba ìbò 528,620 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Goodluck Jonathan sì gba 303,376. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Buhari kan náà gba 365,229, Àtíkù Abubakar sì fi ìbò 1,461 péré ṣíwájú rẹ̀ pẹ̀lú 366,690. Olùdíje kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ni, ó wà lórí ìjọba ní Àbújá àti ní Àgodi, síbẹ̀ ìbò 163,391 lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ́ nìkan ni ó ni ìbò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n yóò ṣòro kí irú iye bẹ́ẹ̀ tó lè lọ láìjẹ́ pé àwọn tí ó ju ìdajì lọ nínú ìwé orúkọ ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ìran àti ìrántí

Karl Mannheim, nínú àròkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìran tí ó jáde ní 1928, ṣàlàyé pé kì í ṣe ọdún ìbí nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di ìran kan, bí kò ṣe ohun tí ojú wọn jọ rí nígbà tí wọ́n ń dàgbà sókè. Kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wúlò tó nínú òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó fi ẹsẹ̀ kan wọ kíláàsì ní ọdún náà ti pé ẹni 70 ọdún ní 2019. Ọmọ ọdún 12 tí ó jàǹfààní ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ lábẹ́ ìjọba UPN ti Bọ́lá Ìgè ní 1979 ti di ẹni ọdún 52. Fún àwọn méjèèjì, orúkọ Awólọ́wọ̀ kì í ṣe ìtàn. Ara ìgbésí ayé wọn ni. Ọmọ wọn tí ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn gbọ́ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ nípa ogun Kírìjì.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ìjọba Ajímọ̀bí ṣe náà ti rí nìyí. Kí ìjọba yẹn tó dé, ìjà àwọn onígàréèjì ní Ìbàdàn jẹ́ ohun tí ó ń lé ènìyàn sá kúrò ní títì. Ìjọba náà fi òpin sí púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kọ́ afárá olókè sí Mọ́kọ́lá. Àgbàlagbà tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ lè tìtorí èyí nìkan dìbò fún APC títí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pé ọdún 18 ní 2019 jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 2011. Kò mọ gàréèjì tí ó ń jó; àlàáfíà tí ó bá ni ó rò pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tí í dúpẹ́ nítorí pé wọn kò ja ìjà tí òun kò rí rí. Ìdìbò mẹ́rin-mẹ́rin ọdún sì ń kó àwọn titun bẹ́ẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ikú ń mú àwọn tí ó rántí lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń fi iṣẹ́ àná pe àwọn ènìyàn ń ná owó tí kò ní àròpọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ South Africa, ANC tí ó gba ìjọba ní 1994 lẹ́yìn ìjà òmìnira pàdánù ọ̀pọ̀jù rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìbò rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdá 40.18 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìdá 57.5 tí ó ní ní 2019. Lára àwọn olùdìbò níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn 1994, tí ẹ̀yà-mẹ̀yà jẹ́ ìtàn inú ìwé fún, tí àìríṣẹ́ àti iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú sì jẹ́ ohun ojoojúmọ́.

Agbo ilé àti ilé àyágbé

Ìrántí nìkan kọ́. Òṣèlú Ìbàdàn àtijọ́ gba inú agbo ilé kọjá, Adégòkè Adélabú sì mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ tí ó so mọ́ NCNC gbára lé àwọn mọ́gàjí: bí mọ́gàjí bá ti gbà, agbo ilé ti gbà nìyẹn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà pàápàá, pé kí ẹnikẹ́ni má ba ọlá jẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn olóyè àti àwọn àgbà ni. Èyí ni ó mú kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀, máa jìjàkadì ní Ìbàdàn títí Adélabú fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958.

Ó yẹ fún àkíyèsí pé olùdíje APC ní 2019 jẹ́ ọmọ-ọmọ Adélabú yìí. Ẹgbẹ́ tí ó ń ka ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀ fa ọmọ-ọmọ alátakò Awólọ́wọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí àgbàyanu. Ní agbègbè Mápó, orúkọ Penkelemẹ́ẹ̀sì tó odindi ìwàásù kan fún àgbàlagbà. Ní Àgbowó, orúkọ ọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ igbákejì gómìnà báńkì àpapọ̀ ni. Ọdún 61 ni ó wà láàrin ikú bàbá àgbà àti ìdíje ọmọ-ọmọ.

Àgbowó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ tí ó háyà yàrá kan pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Onílé rẹ̀ kì í ṣe bàbá rẹ̀. Kò ní mọ́gàjí níbẹ̀. Bí owó ilé bá lé, ó lè kó lọ sí Sáńgo tàbí Òjòó. Bódìjà ìjọba, tí àjọ ilé kíkọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé, kò ní agbo ilé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní Dùgbẹ̀, ní Ring Road àti ní Challenge, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ta fóònù tí wọ́n sì ń tún un ṣe ń dé ní òwúrọ̀, wọ́n sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá wá wọn ní ilé, kò bá wọn.

Kí ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wá ń ṣe ní irú àwọn àdúgbò wọ̀nyí? Ìpàdé àwọn onílé ni wọ́n máa ń lọ, nítorí pé òun ni ó jọ agbo ilé jù lọ. Alága wọ́ọ̀dù a bá alága àwọn onílé sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì a jọ mu omi, a ó sì ka àdúgbò náà kún ti ẹgbẹ́. Ayálégbé kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì gbọ́, ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó kún owó ilé rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe APC nìkan ni ó ń ṣe èyí. PDP ń ṣe é bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ni ó ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé òun ni ó ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣàlàyé.

Ẹ̀kọ́, àti ohùn tí wọ́n fi sọ̀rọ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ìrántí tí ó ti gbó àti ọ̀nà tí ó ti dí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọ̀dọ́ ì bá kàn jókòó sílé ni. Ohun tí ó mú ìbínú wọ inú rẹ̀ ni pé orí ẹ̀kọ́, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń fi ìran rẹ̀ yangàn jù, ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gba owó 3,000 náírà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Ní 2016, ìjọba gbé ètò kan jáde láti fa àwọn aládàáni wọ inú àbójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jáde ta kò ó ní Ìbàdàn. Ní àkókò kan náà, gbèsè owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń ga sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé Àgbowó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní Ìṣẹ́yìn kò nílò kí alátakò kankan ṣàlàyé èyí fún un.

Ti LAUTECH ni ó wá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yunifásítì náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ni wọ́n sì jọ ni ín títí di 2020. Àìrówó san láàrin àwọn méjèèjì mú kí ẹ̀kọ́ dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù láàrin 2016 àti 2017. Òtítọ́ ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti gómìnà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de dé ọ́fíìsì gómìnà ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2017, ohun tí ó kù sí etí àwọn ènìyàn kì í ṣe ìṣirò gbèsè. Láàrin ariwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pa, gómìnà bínú, ó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ipò tí òfin gbé òun sí. Àwọn ènìyàn ya fídíò rẹ̀, ó sì ń lọ láti fóònù kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí ó fi pe ipò náà, constituted authority, di orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é.

Nínú ọgbọ́n àgbà, ohun tí gómìnà sọ kò burú. Ọmọ kì í dá àgbà lóhùn báyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò wá bí ọmọ. Wọ́n wá bí ẹni tí ó ní káàdì ìdìbò, tí ó sì wá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà láti ṣe é. Òye méjì nípa ohun tí gómìnà jẹ́ ni ó pàdé ní ọjọ́ náà. Ọ̀kan wá láti agbo ilé. Èkejì wá láti inú ìwé òfin tí àwọn àgbà kan náà rán wọn lọ kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí Buhari sọ ní London pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà rò pé nítorí pé epo wà, kí àwọn jókòó láìṣe nǹkan kan kí wọ́n sì rí ilé, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò lo ọ̀rọ̀ náà 'ọ̀lẹ', ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ gbọ́. Ẹni tí ó bá rántí 1955 yóò rí i bí ó ti yani lẹ́nu tó pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ohun ẹ̀gàn ní ẹnu ààrẹ tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Awólọ́wọ̀ gbé wọlé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ìjọba wó apá kan ilé Music House ti olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní agbègbè Challenge, níbi tí ilé iṣẹ́ rédíò rẹ̀ wà. Ìjọba ní ó tàpá sí òfin ilé kíkọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù méje péré ni ó kù kí wọ́n dìbò.

Lẹ́yìn 2019

Ẹni tí ó bá parí ìtàn náà sí 2019 yóò rò pé àwọn ọ̀dọ́ ti kọ APC sílẹ̀ títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, Bọ́lá Tinúbú ti APC gba ìbò 449,884 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Àtíkù gba 182,977, Peter Obi tí wọ́n ń pè ní olùdíje àwọn ọ̀dọ́ sì gba 99,110. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ẹgbẹ́ Tinúbú ti ń jọba láti 1999, Obi ni ó ṣíwájú pẹ̀lú 582,454 sí 572,606. Àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn jọ la ìwọ́de EndSARS ti oṣù kẹwàá 2020 kọjá pẹ̀lú ti Èkó. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ olùkọ́ yunifásítì tí ó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022 sì sọ yàrá Àgbowó di òfìfo. Síbẹ̀ ìbò wọn kò tọ ọ̀nà kan náà. Èkó ní àwọn ẹ̀yà púpọ̀ ju Ìbàdàn lọ, ọ̀rọ̀ pé ó kan ọmọ Yorùbá sì wúwo ní Ìbàdàn. Mákindé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú kò ti olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, Mákindé gba 563,756, Teslim Fọlárìn ti APC sì gba 256,685. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìbò APC fi 193,199 dín kù. Àwọn olùdìbò yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìgbálẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá wọn, alábùradà kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn. Ohun tí ó ti kú ni jíjogún ẹgbẹ́, pé kí ọmọ dìbò sí ibi tí bàbá rẹ̀ ń dìbò sí.

Àwọn ẹgbẹ́ kò tí ì fi hàn pé èyí yé wọn. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018 dín ọjọ́ orí olùdíje sí ilé aṣojú-ṣòfin kù láti ọdún 30 sí 25. Nígbà tí ó di 2022, fọ́ọ̀mù APC fún àga kan náà jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù fún àwọn tí kò tí ì pé 40 ọdún. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Ẹni tí ó ń gba iye yìí, tí kò bá jẹ tí kò mu, yóò fi ohun tí ó lé ní ọdún 27 kó mílíọ̀nù 10 jọ. Nígbà tí yóò bá fi ra fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́.

Ìjọba tí ó gba ipò ní 2019 pẹ̀lú ní ọjọ́ orí. Ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún Mákindé, 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó fagi lé owó 3,000 náírà ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, inú àwọn tí ó ti san án sì dùn. Ẹni tí yóò pé ọdún 18 ní 2027 jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ọjọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣì wà. Kò san owó náà rí.